Àrọ̀ ọmọ mi ti gùn ju ìbú táǹkì rẹ̀ lọ, ikùn rẹ̀ sì ń pọ́n: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ayọ̀ (Ìbàdàn), Ọjọ́rú, aago 7:42 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó, nítorí ọmọ mi kò jẹun lálẹ́ yìí.

Ní nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, aládùúgbò wa kan tó ń sin ẹja fún Ayọ̀ ní ọmọ àrọ̀ kan nínú ọ̀rá. Kò gùn ju ìka ọwọ́ mi kan lọ nígbà náà. A ní táǹkì gíláàsì kan ní pálọ̀, ibẹ̀ la fi sí. Ayọ̀ sọ ọ́ ní Dúdú.

Mo fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n láti ìta gíláàsì lónìí: ó ti di 52 sẹ̀ǹtímítà. Táǹkì náà jẹ́ 120 ní gígùn, 45 ní ìbú, 45 ní gíga. Ìsàlẹ̀ ni Dúdú máa ń dùbúlẹ̀ sí lọ́sàn-án, lẹ́bàá páìpù tí a jù sí i. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú ló máa ń rìn káàkiri.

Láti ọjọ́ Ajé ni nǹkan ti yí padà. Ikùn rẹ̀ pọ́n láwọn ibì kan, bí ara ẹni tí omi gbígbóná ta sí. Ṣóńṣó irunmú rẹ̀ méjì ti funfun, ó dà bíi pé ó ń jẹrà. Ó ń dúró lóòró, á gbé ẹnu sókè omi, á máa gbé afẹ́fẹ́ mì léraléra. Lóru, á máa fi orí gbá ìdérí, gbì, gbì, gbì, a ò lè sùn. Láàárọ̀ yìí ó kọ oúnjẹ. Ohun tó sì dà mí láàmú jù ni pé omi náà mọ́ gaara, èèyàn lè ti ẹ̀yìn táǹkì ka ìwé. Ẹnì kan ní kí n tú kápúsù àńtíbáyótíìkì sínú omi. Mi ò tíì ṣe é. Kí ni ká ṣe?

Àgbẹ̀ Ẹja (Ìkòròdú), Ọjọ́rú, aago 8:05 alẹ́

Ìyá Ayọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Láti 2011 ni mo ti ń sin àrọ̀. Ọ̀rọ̀ àyè kọ́ nìyí. Nínú adágún onítapólì tó gba 1000 lítà, àádọ́ta ẹja la máa ń kó sí i, wọ́n á sì tó kílò kan kí a tó tà wọ́n. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú 240 lítà, ilé ọba ló wà yẹn. Omi ló bàjẹ́. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù lálẹ́ yìí, ẹ fọ táǹkì, ẹ pọn omi tuntun sí i. Àrọ̀ kì í kú bọ̀rọ̀.

Kọ́lá Ẹlẹ́ja Gíláàsì (Súrùlérè), Ọjọ́rú, aago 8:19 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àgbẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n Ìyá Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì da gbogbo omi nù. Kápúsù yẹn náà, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn lórí ìwọ̀nyí kíákíá:

Ìgbà wo lẹ fọ fíltà gbẹ̀yìn, kí lẹ sì fi fọ̀ ọ́? Omi ẹ̀rọ ni, omi kànga ni, àbí ti bóòhóòlù? Kí lẹ ń fún un jẹ, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó lójúmọ́?

Bàbá Rẹ̀mí, Ọjọ́rú, aago 8:31 alẹ́

Ẹ má bínú sí mi. Nílé tèmi, àrọ̀ tó bá ti tó ìwọ̀n yẹn, ìkòkò ló kàn. Oúnjẹ ni Ọlọ́run dá a fún wa. Tí ọmọ bá fẹ́ ẹja tó máa wò, ẹ ra àwọn kéékèèké aláwọ̀ mèremère fún un.

Ìyá Ayọ̀ (Ìbàdàn), Ọjọ́rú, aago 8:50 alẹ́

Bàbá Rẹ̀mí, ẹ ṣeun, mi ò bínú. Èmi náà ń jẹ àrọ̀. Ṣùgbọ́n eléyìí ti lórúkọ, kò ní wọ ìkòkò nílé mi.

Kọ́lá, ọmọ mi, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni mo fọ fíltà. Fóòmù inú rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bí ẹrẹ̀. Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́ dáadáa, mo fún un, mo sá a sóòrùn títí tó fi gbẹ tó sì funfun. Omi bóòhóòlù là ń lò. Oúnjẹ ẹja tó ń léfòó ni mo ń fún un, ẹ̀kúnwọ́ kan láàárọ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan lálẹ́. Tí mo bá pa adìyẹ, mo máa ń gé ìfun rẹ̀ sí i. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Kọ́lá Ẹlẹ́ja Gíláàsì (Súrùlérè), Ọjọ́rú, aago 9:22 alẹ́

Mà, fóòmù yẹn gan-an ni.

Ẹrẹ̀ dúdú tí ẹ rí nínú rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé ibẹ̀, àwọn ló ń bá yín fọ omi náà mọ́ fún ẹja láìsí pé ẹ mọ̀. Ohun tí ẹja bá yà, àti èyí tó ń jáde lára rẹ̀ bó ṣe ń mí, amóníà ló wà nínú rẹ̀, amóníà sì ń jó ẹja lára. Àwọn kòkòrò kan á sọ amóníà di náítráìtì, òun náà májèlé ni. Àwọn mìíràn á wá sọ ọ́ di náítréètì tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, èyí tí ẹ máa ń gbọ́n jáde tí ẹ bá pààrọ̀ omi. Ọṣẹ àti oòrùn pa gbogbo wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta, amóníà ti gòkè. Ohun tó ń jó o níkùn nìyẹn, ohun náà ló ń jẹ irunmú rẹ̀. Kò láwọ̀, ìdí nìyí tí omi fi mọ́ gaara.

Ọ̀rọ̀ bó ṣe ń gbé afẹ́fẹ́ mì: àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ibi tó fi ń mí, ó rí bí ẹ̀ka igi kékeré, òun ló fi ń gba afẹ́fẹ́ òfuurufú bíi tiwa. Nígbà tí omi bá ti ń ta á, ó sá wá sókè nìyẹn. Ẹja mìíràn ì bá ti kú lọ́jọ́ Ajé. Tirẹ̀ ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n ìyà ń jẹ ẹ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe lálẹ́ yìí: ẹ gbọ́n ìdá mẹ́ta omi náà jáde, ìdá kan ṣoṣo. Omi bóòhóòlù tí ẹ máa fi dípò, ẹ máa gbé e láti ọwọ́ òkè dà sínú báàfù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó lè gba atẹ́gùn, kí ẹ sì fọwọ́ kàn án pé kò tutù ju ti inú táǹkì lọ. Lọ́la, ẹ tún pààrọ̀ ìdá mẹ́ta. Lọ́túnla, bákan náà. Ẹ má fún un lóúnjẹ rárá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ebi kò ní pa á kú. Bí kò bá jẹ, kò ní yà púpọ̀.

Ẹ bu iyọ̀ sí i, gíráàmù kan fún lítà omi kan. Ẹ fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Tí ẹ bá pààrọ̀ 60 lítà, 60 gíráàmù iyọ̀ lẹ máa fi kún un, nítorí iyọ̀ tó wà nínú omi tó kù kò lọ síbì kankan.

Tádé, Ọjọ́rú, aago 9:40 alẹ́

Wọ́n ní ẹja tí kò ní ìpẹ́ kò gbọdọ̀ rí iyọ̀ o. Ẹ ṣọ́ra.

Àgbẹ̀ Ẹja (Ìkòròdú), Ọjọ́rú, aago 10:03 alẹ́

Kọ́lá, o wí ire, mi ò mọ̀ pé ọṣẹ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Mo gba ọ̀rọ̀ fóòmù gbọ́. Àwa kì í lo fíltà lóko, omi là ń dà nù, ìdí nìyí tí mi ò fi ronú kan án.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé dída gbogbo omi nù ló ń pa ẹja. Lóko mi, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta la máa ń tú omi tapólì dànù pátápátá tí ẹja bá ti dàgbà. Kò sí èyí tó ń kú. Omi kan náà láti inú bóòhóòlù kan náà ló ń bọ̀ sí i, ara wọn sì ti mọ̀ ọ́n. Eléyìí tó ti wà nínú omi àtijọ́ fún ọdún kan ààbọ̀, ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ kò ní gbà á. Nítorí náà, ẹ tẹ̀ lé ti Kọ́lá.

Tádé, ìyẹn kì í ṣe òótọ́ fún àrọ̀. Iyọ̀ la fi ń tọ́jú wọn tí a bá kó wọn ti ọ̀nà jíjìn dé. Oògùn àpọ̀jù ni ẹja aláìnípẹ́ kò fẹ́, kì í ṣe iyọ̀ díẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní òkúnkúndùn ni ọ̀rọ̀ dída omi láti òkè yẹn. Mo ti pàdánù ọmọ àrọ̀ púpọ̀ rí nítorí pé mo tú omi bóòhóòlù sí wọn lára ní tààrà. Omi tó ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ bọ̀, kò sí atẹ́gùn nínú rẹ̀, gáàsì burúkú a sì máa bá a jáde.

Ìyá Ìbejì (Òṣogbo), Ọjọ́bọ̀, aago 6:10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ka gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tíì béèrè bí omi ṣe ga tó nínú táǹkì àti ohun tó bo orí rẹ̀. Dúdú ń fi orí gbá ìdérí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Mo ní àrọ̀ kan nínú táǹkì fún ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, òjò rọ̀ láti àṣálẹ́ di ìdájí. Nígbà tí mo jí, táǹkì ṣófo. Ìdérí pákó ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A wá a títí. Ẹ̀yìn fíríìsà ni ọmọ mi obìnrin ti rí i, erùpẹ̀ àti irun orí ti lẹ̀ mọ́ ọn lára bí aṣọ, mo rò pé ó ti kú. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e báyìí, ó ṣẹ́ra rẹ̀ kọdọrọ, ẹ̀gún tó wà lápá rẹ̀ gún mi látàńpàkò, ọwọ́ mi wú fún ọjọ́ méjì. Ó yè é. Nígbà òjò, àrọ̀ a máa fẹ́ rìn. Bó ṣe wà lódò náà nìyẹn, ó máa ń kúrò nínú omi kan bọ́ sí òmíràn lórí ilẹ̀ tútù.

Nítorí náà: ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé ìdérí yẹn lórí, méjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ dí ihò tí wáyà fíltà ń gbà kọjá. Kí omi má dé ìdérí o. Ó gbọ́dọ̀ rí àyè afẹ́fẹ́ tó tó 10 sẹ̀ǹtímítà láàárín omi àti ìdérí, torí ó ní láti máa gòkè wá mí. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbé e, aṣọ ìnura tútù ni kí ẹ fi wé e, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọwọ́ gbígbẹ. Ohun yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀ ni aṣọ rẹ̀, ọwọ́ gbígbẹ á bó o.

Kọ́lá Ẹlẹ́ja Gíláàsì (Súrùlérè), Ọjọ́bọ̀, aago 7:25 àárọ̀

Ẹ ṣeun mà, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Tí omi bá wà ní 35 sẹ̀ǹtímítà, omi inú táǹkì yẹn jẹ́ 189 lítà. Ìyá Ayọ̀, iyọ̀ tó bá wà nínú omi náà lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ ju 190 gíráàmù lọ.

Ṣẹ́gun (London), Ọjọ́bọ̀, aago 1:15 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Àgbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ àyè kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ó ṣì ń dùn mí.

Ọdún kẹta tí mo dé London ni mo ra ẹja kan tí wọ́n ń pè ní redtail catfish. Ìbátan àrọ̀ ni, ṣùgbọ́n odò Amásónì àti Orinoco ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Nígbà tí mo rà á kò ju 7 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìrù rẹ̀ pọ́n bí osùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ funfun, irunmú rẹ̀ gùn bí okùn bàtà. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ pé ó ń gùn ju mítà kan lọ. Lọ́dún kan ó ti tó 45. Ó gbé gbogbo ẹja tó bá nínú táǹkì mì, ó gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó tún gbé ohun tí a fi ń wọn ooru omi mì, ó pọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó fi máa pé ọdún méjì, kò lè yí ẹ̀yìn padà mọ́ láìjẹ́ pé ó ká ara rẹ̀. Awọ imú rẹ̀ bó, nítorí ojoojúmọ́ ló ń fi gbá gíláàsì.

Mo tẹ àwọn tó ń ṣe àfihàn ẹja fún aráàlú láago, ibi mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ti ní tó, wọ́n ní irú ìpè mi ń wọlé sáwọn léraléra. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wá ẹni tó máa gbà á. Ọkùnrin kan tó ní adágún abẹ́lé, tó ń mú omi rẹ̀ gbóná, ló wá gbé e lọ. Mo sunkún nínú ọkọ̀ níjọ́ náà.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ìyá Ayọ̀, ẹ wo nọ́ńbà tí ẹ̀yin fúnra yín kọ: ẹja 52, ìbú táǹkì 45. Tí Dúdú bá fẹ́ yí padà, ó ní láti ká ara rẹ̀ bíi bélíìtì. Fíltà lè padà bọ̀ sípò, ìyẹn ṣì máa wà níbẹ̀.

Tádé, Ọjọ́bọ̀, aago 1:48 ọ̀sán

Ẹ ò ṣe tú u sílẹ̀ sódò Ọ̀nà? Ibẹ̀ kúkú ni irú wọn wà.

Àgbẹ̀ Ẹja (Ìkòròdú), Ọjọ́bọ̀, aago 2:30 ọ̀sán

Rárá o, Tádé. Ọ̀pọ̀ ọmọ àrọ̀ tí wọ́n ń tà lónìí kì í ṣe ti odò wa. Irú tí wọ́n ti ilẹ̀ òkèèrè mú wá wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n fi àrọ̀ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ Heterobranchus wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tí a bá ń tú wọn sódò, wọ́n á da irú tó wà níbẹ̀ rú. Ẹja tó ń ṣàìsàn sì nìyí, ṣé kó lọ ran àwọn yòókù ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Houston), Ọjọ́bọ̀, aago 4:02 ọ̀sán

Mo kín ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn. Ní Florida, ní Amẹ́ríkà níbí, irú àrọ̀ kan láti Éṣíà bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ín láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1969, ó sì ti tàn kálẹ̀. Ó ń rìn lórí ilẹ̀ lálẹ́ òjò wọ inú adágún àwọn ẹlẹ́ja, ó ń jẹ wọ́n lẹ́ja, débi pé àwọn kan fi ọgbà yí adágún wọn ká. Nítorí rẹ̀ ni òfin ìjọba àpapọ̀ kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni kó ààyè ẹja ìdílé àrọ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí láìgba àṣẹ. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà tó bá ń ka èyí, ẹ má gbìyànjú rẹ̀.

Dókítà Ẹran Ọ̀sìn (Abẹ́òkúta), Ọjọ́bọ̀, aago 5:36 ìrọ̀lẹ́

Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìdúróti. Mo fara mọ́ ohun tí Kọ́lá sọ. Mo kàn fẹ́ fi díẹ̀ kún un.

Pípọ́n ikùn lè jẹ́ ti amóníà nìkan, ó sì lè jẹ́ pé àìsàn ti gba ibi tí ara ti bó wọlé. Ẹ máa wò ó lójoojúmọ́. Tí omi bá ti dára fún ọjọ́ mẹ́ta tí pípọ́n náà kò lọ sílẹ̀, tàbí tó di egbò, tàbí tí ikùn bá wú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, kò jìnnà sí yín. Báàfù onídèérí tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó fún ìrìn-àjò náà, torí pé ó ń mí afẹ́fẹ́.

Kápúsù tí wọ́n ní kí ẹ tú: á pa ìwọ̀nba kòkòrò rere tó ṣẹ́ kù nínú táǹkì, kò sì ní tó ìwọ̀n tó lè wo ẹja. Bàbá Rẹ̀mí, ẹja tó ń ṣàìsàn báyìí, tàbí tí wọ́n bá ti lo oògùn sí lára, kò yẹ kó wọ ìkòkò ẹnikẹ́ni.

Ìfun adìyẹ, ẹ dá a dúró pátápátá. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù, ó ń ba omi jẹ́.

Àgbẹ̀ Ẹja (Ìkòròdú), Ọjọ́bọ̀, aago 6:15 ìrọ̀lẹ́

Dókítà, a ń se ìfun adìyẹ fún wọn lóko o, wọ́n sì ń sanra.

Dókítà Ẹran Ọ̀sìn (Abẹ́òkúta), Ọjọ́bọ̀, aago 6:41 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ń sè é, ẹ sì ń tú omi dànù lọ́jọ́ kẹta. Ẹja yín á lo oṣù mẹ́fà, ẹ ó tà á. Dúdú lè lo ọdún mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀rá ń ṣe sí ẹ̀dọ̀ ẹja láàárín ọdún mẹ́jọ, oko kì í dúró wò ó.

Kọ́lá Ẹlẹ́ja Gíláàsì (Súrùlérè), Ọjọ́bọ̀, aago 8:09 alẹ́

Ìdáhùn Dókítà yẹn náà ni mo fẹ́ fún Ẹ̀gbọ́n Àgbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àyè. Àádọ́ta ẹja nínú 1000 lítà, òótọ́ ni, mo ti rí i. Wọ́n wà níbẹ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n máa tà wọ́n. Ẹni tó ń sin ẹja fún títà ń wá ẹran, kò burú. Ẹni tó gbé e sí pálọ̀ kí ọmọ máa wò ó, ìgbésí ayé ẹja náà ló gbà mọ́wọ́. Àrọ̀ lódò lè gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Nínú ilé kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ká ní ó dúró sí 80, táǹkì tó yẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ gùn tó 240, kí ìbú rẹ̀ tó 90, ó kéré tán. Tí gíga omi bá tó 60, 1296 lítà nìyẹn, ó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ìyá Ayọ̀, ṣé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ń gbé? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e sókè o.

Oúnjẹ: ẹja tó tó 52 kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ. Gíráàmù 10 sí 12 tó o lójúmọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ẹ̀kúnwọ́ méjì yín ti ju ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lọ. Kó gbààwẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀.

Fóòmù: ẹ má tún fi ọṣẹ kàn án mọ́ láéláé. Omi tí ẹ bá gbọ́n jáde nínú táǹkì ni kí ẹ fi fún un díẹ̀, kó máa ṣe bí ẹni pé ó ṣì dọ̀tí. Tí kòkòrò tuntun bá fẹ́ pọ̀ dáadáa, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni. Àmọ́ tí ẹ bá rí fóòmù àtijọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tí táǹkì rẹ̀ dúró dáadáa, tí ẹja rẹ̀ kò ṣàìsàn, ẹ fi sínú tiyín, á yá. Mo mọ ẹnì kan ní Mókọ́lá. Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín.

Tí iná bá lọ, ẹ má rò pé torí pé àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́, kò séwu. Ẹja náà á mí. Àwọn kòkòrò inú fóòmù ni wọn ò ní rí atẹ́gùn, tó bá pẹ́, wọ́n á kú. Pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì tó láti gbé wọn ró di ìgbà tí iná máa dé.

Ìyá Ayọ̀ (Ìbàdàn), Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kejì, aago 9:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn rere. Ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Mo ra ohun tí wọ́n fi ń dán omi wò. Ọjọ́ àkọ́kọ́, amóníà fi 4 hàn (mílígíráàmù nínú lítà omi kan), omi inú ìgò náà dúdú bí ewé ẹ̀fọ́. Mo tẹ̀ lé Kọ́lá: ìdá mẹ́ta lójúmọ́, iyọ̀ lórí ìwọ̀n, kò sí oúnjẹ. Ọmọkùnrin Mókọ́lá fún mi ní fóòmù àtijọ́, mo gbé e wálé nínú ọ̀rá omi, Ayọ̀ gbé e lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ẹyin. Lánàá, ó fi 0.25 hàn. Ikùn Dúdú ti funfun padà, ó ku àmì kan bí owó ẹyọ ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Irunmú tó jẹrà náà ti já, ó dà bíi pé ó tún ń hù. Kò gbá ìdérí mọ́. Ọjọ́ kẹrin ló jẹun.

Mo ka ọ̀rọ̀ Ṣẹ́gun fún bàbá Ayọ̀. Ó gbé téèpù, ó lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn lẹ́yìnkùlé, ó wọn ibẹ̀. Bíríkìlà ti bẹ̀rẹ̀: mítà 2.4 ní gígùn, mítà 1.2 ní ìbú, omi rẹ̀ á ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Ó máa ní ojú gíláàsì kan níwájú kí Ayọ̀ lè máa rí i. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ní òun máa parí. Ṣé kí a gbé Dúdú wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà?

Àgbẹ̀ Ẹja (Ìkòròdú), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:44 àárọ̀

Inú mi dùn o! Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń mú omi le koko, á jó o lára. Ẹ pọn omi kún un, ẹ gé kùkùté ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wẹ́wẹ́ jù sínú rẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tú u dànù, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ dán pH rẹ̀ wò, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tàbí bó ṣe le tó. Tó bá ti wà láàárín 6.5 sí 8 fún ọjọ́ mẹ́ta láìgòkè, ó ti yẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí bíríkìlà fi ọwọ́ pa á kó jọ̀lọ̀. Àrọ̀ ń fi ikùn wọ́lẹ̀, sìmẹ́ǹtì tó rí ṣákaṣàka á ha á.

Ọ̀rọ̀ àyè yẹn, mo gbà fún yín, Kọ́lá àti Ṣẹ́gun. Oko lojú mi wà.

Kọ́lá Ẹlẹ́ja Gíláàsì (Súrùlérè), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:20 àárọ̀

Gíláàsì ojú rẹ̀ má ṣe kéré sí mílímítà 12 o. Yanrìn odò tí wọ́n fọ̀ dáadáa tó fún ìsàlẹ̀, ẹ má fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Kí ẹ wá ìkòkò amọ̀ ńlá kan, tí ẹnu rẹ̀ kò fọ́, ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní igun tó ṣókùnkùn jù. Kí Dúdú lè wọ̀ ọ́ tán pátápátá, kó sì yí padà nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Òṣogbo), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:37 àárọ̀

Àti ìdérí! Nẹ́ẹ̀tì onírin, kí wọ́n fi ìdè dè é mọ́ ògiri. Òjò kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìyá Ayọ̀ (Ìbàdàn), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 11:02 àárọ̀

Bíríkìlà ti gbọ́, mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Ayọ̀ ti lọ yan ìkòkò lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ó ti apá bọ̀ ọ́ dé èjìká láti mọ̀ bóyá Dúdú á gbà síbẹ̀. Ó ní ó gbà.